Ọmọ tó béèrè bóyá bàbá òun ló ń pa àdúgbò

Olùkọ́ obìnrin kan ló kọ lẹ́tà yìí sí mi. Mo gé e kúrú díẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ilé ẹ̀kọ́ girama kan lójú ọ̀nà Ìkòròdú sí Ṣàgámù ni mo ti ń kọ́ni. Àwọn fákítọ̀rì tó ń yọ́ irin àti bátìrì kò jìnnà sí wa. Tí àwọn ọmọ bá fi ìka nu tábìlì wọn láàárọ̀, dúdú ni ìka ń dà. Láti tẹ́ẹ̀mù tó kọjá ni mo ti ń fi ọjọ́ Ẹtì kọ́ wọn nípa ẹ̀tọ́ tí ará àdúgbò ní sí afẹ́fẹ́ àti omi tó dára. Pírínsípà wa ní òṣèlú ni mo ń kó sí wọn lórí, pé tí mo bá kọ́ wọn ní ìmọ́tótó, ó ti tó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ọmọkùnrin kan tí bàbá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí iná níbẹ̀ wá bá mi lẹ́yìn kíláàsì, ó ní, 'Àǹtí, ṣé bàbá mi wà lára àwọn tó ń pa wá ni?' Mi ò rí nǹkan kan sọ. Ṣé kí n kúkú jáwọ́ ni?"

Olùkọ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ má jáwọ́. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ yí bí ẹ ṣe ń kọ́ wọn padà díẹ̀, nítorí ìbéèrè ọmọ yẹn fi hàn pé ẹ̀kọ́ yín ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn kó tó yé e. Ẹ̀rù ń bà yín pé tí ẹ bá dákẹ́, èéfín ò ní dákẹ́, tí ẹ bá sì sọ̀rọ̀, ọmọ tó jókòó níwájú yín gan-an ni ọ̀rọ̀ náà máa kọ́kọ́ dùn. Ẹ̀rù tó yẹ kó bani nìyẹn. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa àyíká tí irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀ kò bà rí, tí wọ́n á sọ̀kò ọ̀rọ̀ tán, tí wọ́n á wọ mọ́tò wọn padà sí Èkó, tí ọmọ á sì padà sílé lọ bá bàbá rẹ̀.

Wolé-wolé ni mí. Ọdún 31 ni mo fi ṣe é ní Rẹ́mọ kí n tó fẹ̀yìntì. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ní àdúgbò kan tí mi ò ní dárúkọ, mo dúró níwájú ilé ìyá ẹlẹ́wà kan tí gọ́tà rẹ̀ kún fún ewé àti omi ọṣẹ. Mo mú ìwé jáde, mo ń kọ ẹ̀sùn rẹ̀ sílẹ̀. Nǹkan dúdú kan já bọ́ sórí ìwé náà, kò tóbi ju kóró ata lọ. Mo fi ìka gbá a dànù, ló bá fà dúdú kọjá lórí orúkọ ìyá náà. Òmíràn tún bọ́. Ìyá náà wo ìwé, ó wo òkè, ó ní, "Wolé-wolé, gọ́tà mi lẹ rí. Èyí tó ń bọ́ látòkè yìí ńkọ́, ta ló ń kọ ìwé fún òun?" Mi ò lésì. Ọ̀rọ̀ fákítọ̀rì kò sí lọ́wọ́ ọ́fíìsì tiwa, ọ̀dọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti àpapọ̀ ló wà. Mo parí ìwé mi, ìyá náà sì san owó ìtanràn rẹ̀. Owó yẹn ṣì ń dùn mí títí di òní.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi bá pírínsípà yín gbà pé ìmọ́tótó nìkan ti tó. Láti 1984, nígbà ayé WAI, ètò tí ìjọba ológun fi gbógun ti ìwà àìlẹ́kọ̀ọ́, ni wọ́n ti kọ́ ìran tiwa pé ọ̀rọ̀ àyíká kò ju ọwọ̀, ṣọ́bìrì àti Sátidé ìmọ́tótó lọ. Ó dáa, mi ò bú u, iṣẹ́ tí mo fi tọ́mọ ni. Ṣùgbọ́n a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ìmọ́tótó ń bi ìyá ẹlẹ́wà pé kí ló dà sí gọ́tà. Ẹ̀tọ́ lórí àyíká ń béèrè pé ta ló ń jẹ èrè iṣẹ́ yìí, ta ló ń fa èéfín rẹ̀ símú, ta ló sì jókòó níbi tí wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kó wà níbẹ̀. Tí ẹnì kan bá ń jèrè, tí ẹlòmíì ń wú ikọ́, tí ẹni tó ń wúkọ́ kò sì sí níbi ìpàdé, ibẹ̀ ni ìrẹ́jẹ ti wọlé. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá á lóye ìyẹn kíákíá, nítorí ó mọ bó ṣe máa ń rí tí wọ́n bá pín ẹran lẹ́yìn òun.

Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ di ohun tí gbogbo ayé ń dá lórúkọ. Ní 1982, ìjọba ìpínlẹ̀ North Carolina fẹ́ lọ bo iyẹ̀pẹ̀ tí kẹ́míkà PCB ti bà jẹ́ mọ́lẹ̀ ní Warren County, níbi tí àwọn aláwọ̀ dúdú ti pọ̀ tí owó ò sì sí. Àwọn èèyàn dùbúlẹ̀ níwájú tírélà, wọ́n mú èèyàn tó lé ní 500, síbẹ̀ wọ́n da iyẹ̀pẹ̀ ọ̀hún. Ẹ sọ bó ṣe parí náà fún àwọn ọmọ. Ṣùgbọ́n èyí tó yẹ kí ẹ bá wọn lò pẹ́ ni ti Curtis Bay, àdúgbò kan ní ìlú Baltimore. Wọ́n fẹ́ kọ́ iléeṣẹ́ ńlá kan síbẹ̀ tí yóò máa sun ìdọ̀tí láti fi pèsè iná mànàmáná, ibẹ̀ kò sì tó máìlì kan sí ilé ẹ̀kọ́ girama. Akẹ́kọ̀ọ́ kan, Destiny Watford, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n kan ilẹ̀kùn kiri, wọ́n kàwé, wọ́n sì rí ohun tí àwọn àgbà kò kíyè sí: àwọn iléeṣẹ́ ìjọba, títí kan ẹ̀ka tó ń bójú tó àwọn ilé ẹ̀kọ́ wọn gan-an, ti gbà láti máa ra iná náà. Owó ilé ẹ̀kọ́ wọn ló fẹ́ gbé èéfín wá bá wọn. Wọ́n lọ síwájú ìgbìmọ̀ ẹ̀kọ́, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n tún kọrin. Ìgbìmọ̀ náà fà sẹ́yìn, àwọn tó kù tẹ̀ lé e, nígbà tó sì di 2016, ìjọba Maryland ní ìwé àṣẹ iléeṣẹ́ náà ti kú. Ọdún yẹn náà ni wọ́n fún Destiny Watford ní ẹ̀bùn Goldman, tí wọ́n ń fún àwọn tó ń jà fún àyíká. Ẹ kíyè sí i pé ẹ̀kọ́ náà kò bẹ̀rẹ̀ láti orí ìbínú. Wọ́n tọ ipa owó dé ibi tó ti ń wá.

Ẹ jẹ́ ká wá tọ ipa tiwa. Kí ló dé tó fi jẹ́ apá Ògijo, lójú ọ̀nà yín yẹn, ni àwọn fákítọ̀rì wá? Èkó wà nítòsí, èbúté sì wà ní Èkó. Ilẹ̀ kò wọ́n bíi ti Èkó. Nígbà tí owó ilé lé àwọn òṣìṣẹ́ kúrò ní Èkó, ojú ọ̀nà kan náà ni wọ́n gbà wá. Ẹ máa gbọ́ tí àwọn kan á ní, "Fákítọ̀rì ló kọ́kọ́ débẹ̀, ta ló ní kí wọ́n lọ kọ́lé tì í?" Ní àwọn ibòmíì òótọ́ ni, ní ibòmíì irọ́ ni, ilé ti wà kí fákítọ̀rì tó dé. Èyí ó wù kó jẹ́, ìjọba ló ń fọwọ́ sí pílánù ilé, ìjọba náà ló ń fọwọ́ sí ti fákítọ̀rì, ọmọ tí wọ́n sì bí síbẹ̀ kò yan ibi tí wọ́n bí òun sí. Nǹkan mìíràn tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ sọ láìfi bò. Iná mànàmáná wa kò dúró, nítorí náà gbogbo ilé tó rọ́wọ́ họrí ló ń ra inverter. Bátìrì rẹ̀ á kú lọ́jọ́ kan, ẹni tó ń ra bátìrì kíkú á gbé e, á lọ síbi tí wọ́n ti ń la á, tí wọ́n ń da omi ásíìdì rẹ̀ nù, tí wọ́n ń yọ́ òjé (lead) inú rẹ̀ lórí iná. Apá tó pọ̀ nínú òjé náà ń lọ sílẹ̀ òkèèrè láti fi ṣe bátìrì tuntun. Eruku rẹ̀ kì í bá a lọ. Inverter wà nílé èmi náà, mo sì ń sọ ìyẹn fún àwọn ọmọ tí mo bá ń bá wọn sọ̀rọ̀, kí wọ́n má rò pé ọ̀dọ̀ ẹni burúkú kan ṣoṣo ni gbogbo ẹ̀bi wà.

Òjé yìí ló ń bà mí lẹ́rù ju èéfín dúdú tí ojú rí lọ. Ní 2025, àwọn akọ̀ròyìn ṣètò àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún èèyàn 70 tó yọ̀ǹda ara wọn ní Ògijo àti àyíká rẹ̀, àwọn ará àdúgbò àti òṣìṣẹ́. Nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá ni òjé inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti dé ìwọ̀n tó ń ṣèpalára, kò sì yọ òṣìṣẹ́ kankan sílẹ̀. Ìjọba ti díẹ̀ nínú àwọn fákítọ̀rì náà pa lẹ́yìn náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n òjé kankan tí a mọ̀ pé kò léwu, àti pé òjé tí ọmọdé bá gbé mì, ara rẹ̀ lè fà á mu ní ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún ti àgbàlagbà. Ara ọmọ tó ń dàgbà ń wá ohun tí yóò fi mọ egungun, ó sì ń ṣi òjé mú bíi pé ohun rere ni. Ọpọlọ ló máa ń bà jẹ́ jù: ọmọ á máa gbàgbé, kò ní lè jókòó jẹ́ẹ́, olùkọ́ á sì máa pè é ní olórí kunkun. Kò sí àmì kankan lójú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ nìkan ló lè sọ, èmi kì í sì í ṣe dókítà, nítorí náà mi ò ní wo ọmọ yín láti ọ̀nà jíjìn kí n ní ó ní i tàbí kò ní i.

Àwọn èrò kan wà tó yẹ kí ẹ bá wọn tú palẹ̀, nítorí mo mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́ wọn nílé. Wọ́n á ní epo pupa ń pa oró, pé kí òṣìṣẹ́ mu ún tàbí kó mu mílíìkì tó bá ti ibi iṣẹ́ dé. Kò sí epo tàbí mílíìkì tó ń fọ òjé jáde lára. Òótọ́ ibẹ̀ kò ju pé ọmọ tó ń jẹun kánú, tó ń jẹ ẹ̀wà, ẹ̀fọ́ àti ẹja wẹ́wẹ́ tí a ń jẹ teegunteegun, ara rẹ̀ kì í fa òjé mu tó ti ọmọ tí ebi ń pa. Wọ́n á ní kí a se omi kànga. Sísè ń pa kòkòrò, kò kan òjé, bí omi ṣe ń gbẹ ni òjé inú rẹ̀ ń ki sí i. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọwọ̀. Gbogbo ọdún tí mo fi lé àwọn èèyàn pé kí wọ́n gbálẹ̀, mi ò sọ fún wọn rí pé ní àdúgbò tí eruku òjé wà, ọwọ̀ gbígbẹ ń gbé eruku náà sókè lọ sí imú ọmọ tó ń rá kòrò nílẹ̀. Omi ni kí wọ́n kọ́kọ́ wọ́n, tàbí kí wọ́n fi àkísà tútù nu ilẹ̀. Ẹ fi ìyẹn bẹ̀rẹ̀ nínú kíláàsì yín. Pírínsípà náà á rí i pé ìmọ́tótó ni.

Nípa ohun tí ẹ lè máa ṣe lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fi vaseline fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa àwo funfun mẹ́ta. Ọ̀kan á wà lójú fèrèsé kíláàsì, ọ̀kan nílé ọmọ tó sún mọ́ fákítọ̀rì, ọ̀kan nílé ìbátan ẹnì kan tó jìnnà, bí Ìkẹ́nnẹ́ tàbí Ìpẹ̀rù. Lẹ́yìn ọjọ́ méje, kí wọ́n kó àwo náà jọ sórí tábìlì. Ẹ má sọ nǹkan kan, ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó. Mo rí ọmọbìnrin kan tó gbé àwo tiwọn súnmọ́ imú, tó tún gbé èyí tó wá láti ọ̀nà jíjìn, tó wá rọra fi àwo tiwọn pamọ́ sẹ́yìn bíi pé òun ló ṣe é. Mo ní kó gbé e padà sórí tábìlì, pé kì í ṣe ìtìjú tirẹ̀. Kí wọ́n tún máa kọ ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí, nítorí atẹ́gùn ọyẹ́ ń wá láti apá àríwá ìlà-oòrùn, ti òjò ń wá láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn, ilé tí èéfín ń bá lásìkò ọyẹ́ lè máà jẹ́ èyí tó ń bá ní oṣù Keje. Kí wọ́n kọ ọjọ́ àti aago tí èéfín ń jáde jù. Àwo vaseline kò lè sọ bóyá òjé wà nínú eruku náà, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ìyẹn, kí wọ́n má lọ kéde ohun tí wọn kò rí. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan lọ sẹ́nu géètì fákítọ̀rì lọ ya fọ́tò. Ẹ má kọ orúkọ ọmọ sí ìwé tó máa jáde kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Tí ìwé àkọsílẹ̀ bá ti pé oṣù méjì mẹ́ta, àgbà ló yẹ kó gbé e, ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò (CDA) tàbí ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Òfin FOI ti 2011 fún ẹnikẹ́ni láǹfààní láti béèrè ìwé lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fèsì. Ní 2025 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé ó de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ náà. Ohun tó yẹ kí wọ́n béèrè ni ìwé EIA fákítọ̀rì náà, ìyẹn àyẹ̀wò ohun tí iléeṣẹ́ lè ṣe sí àyíká. Láti 1992 ni òfin ti ní kí iléeṣẹ́ ńlá ṣe é kó tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń gbé e síta fún aráàlú fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí wọ́n lè sọ tẹnu wọn. Ẹ bi àwọn àgbà àdúgbò léèrè bóyá ẹnì kan rí i. Ní gbogbo ibi tí mo ti béèrè, orí mímì ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Fún pírínsípà, ẹ ka Àbala 24 nínú ìwé Àdéhùn Ilẹ̀ Áfíríkà lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn sí i létí. Orílẹ̀-èdè wa ti sọ ọ́ di òfin, ó sì ní gbogbo èèyàn ló lẹ́tọ̀ọ́ sí àyíká tó dára. Abala 20 ìwé òfin 1999 náà ní kí ìjọba dáàbò bo àyíká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé apá ibi tó wà nínú ìwé náà kò ṣeé fi pe ìjọba lẹ́jọ́ tààrà. Ẹ bá a sọ̀rọ̀ ní ìdákọ́ńkọ́. Ó lè jẹ́ pé fákítọ̀rì ló gbẹ́ omi ẹ̀rọ fún ilé ẹ̀kọ́ yín. Mo mọ ilé ẹ̀kọ́ kan tó rí bẹ́ẹ̀, ojú ti ọ̀gá ibẹ̀ láti sọ̀rọ̀, mi ò sì lè bú u.

Ṣé kí wọ́n ti fákítọ̀rì pa ni? Ó yẹ kí wọ́n ti èyí tó ń fi eruku òjé pa ọmọdé. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n bá ti ibi iṣẹ́ rẹ̀ pa lónìí, ilé rẹ̀ á mọ̀ lọ́la, bátìrì kíkú á sì lọ sí ẹ̀yìnkùlé ẹnì kan tí yóò máa fi àdá là á. Òjé tó ti wọ ilẹ̀ kò sì ní lọ. Ní Zamfara ní 2010, òjé láti ibi tí wọ́n ti ń wa góòlù pa ọmọ tó lé ní 400. Kí oògùn tó lè ran àwọn tó kù lọ́wọ́, wọ́n ní láti kó iyẹ̀pẹ̀ àgbàlá wọn kúrò, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ọmọ á gba oògùn tán, á padà lọ ṣeré nínú òjé. Nítorí náà, ohun tó yẹ kí àdúgbò béèrè pọ̀ ju títì pa lọ: àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ọ̀fẹ́, kíkó iyẹ̀pẹ̀, owó oṣù fún òṣìṣẹ́ nígbà tí wọ́n bá ń tún ibẹ̀ ṣe. Ó máa pẹ́. Ní Owino Uhuru, nítòsí Mombasa ní Kenya, Phyllis Omido ń ṣiṣẹ́ nínú fákítọ̀rì tó ń yọ́ bátìrì nígbà tí wọ́n rí òjé nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ ọwọ́ rẹ̀. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ ìjà. Ilé ẹjọ́ dá àdúgbò náà láre ní 2020, owó gbà-má-bínú náà lé ní bílíọ̀nù kan ṣílè ti Kenya, síbẹ̀ ẹjọ́ náà tún lọ láti kóòtù dé kóòtù lẹ́yìn náà.

Mo fi ọmọkùnrin yẹn sí ìkẹyìn nítorí òun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ pè é lọ́tọ̀. Ẹ sọ fún un pé bàbá rẹ̀ kò pa ẹnikẹ́ni, pé bàbá rẹ̀ ni èéfín náà kọ́kọ́ ń bà lára kó tó dé ọ̀dọ̀ ẹlòmíì, pé ẹni tó ń jáde láago márùn-ún ìdájí nítorí owó ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ kọ́ ló fọwọ́ sí ìwé fákítọ̀rì. Kí ẹ wá fún un ní ohun tó lè ṣe. Kí bàbá rẹ̀ bọ́ aṣọ iṣẹ́ àti bàtà síta kó tó wọlé. Kó má gbọn aṣọ náà. Kí wọ́n fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀, nínú báàfù tí wọn kì í fi fọ aṣọ ọmọdé. Kó wẹ̀, kó fọ orí, kó tó gbé àbúrò ọmọkùnrin náà. Ẹ bá bàbá náà fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, kí ẹ sì sọ fún un pé àyẹ̀wò òjé kì í ṣe ohun tí gbogbo ilé àyẹ̀wò ń ṣe, kó dárúkọ rẹ̀ ní pàtó tó bá dé ilé ìwòsàn ńlá. Ọjọ́ Ẹtì mi ṣófo báyìí tí mo ti fẹ̀yìntì. Tí pírínsípà bá gbà, ẹ ránṣẹ́, màá kó àwo funfun àti vaseline dání.